Àwòrán CFD nínú iṣẹ́ ikọ̀ sọ́fítíwíà

Cumulative flow diagram, tí àwọn tó ń lò ó máa ń gé kúrú sí CFD, jẹ́ àwòrán tó ń fi iye iṣẹ́ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan hàn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Àwọn ikọ̀ tó ń ṣe sọ́fítíwíà ní ìlànà Agile, ìyẹn ṣíṣe iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n sì máa tún un ṣe bó bá ṣe ń lọ, pàápàá àwọn tó ń lo Kanban, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí káàdì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ kan, ló sábà ń lò ó láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Kì í sọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ibi tí iṣẹ́ dúró sí ló ń tọ́ka sí.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Ọjọ́ ló wà lórí ìlà ìbú, iye káàdì iṣẹ́ ló sì wà lórí ìlà òòró. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ ń gbà kọjá lórí bọ́ọ̀dù ikọ̀ náà ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì to àwọn àwọ̀ náà lé ara wọn, ìlà sì wà lókè àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ti parí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó wà lẹ́nu àyẹ̀wò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ṣì ń kọ kóòdù rẹ̀. Backlog, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ló wà lókè téńté.

Kò gba ìṣirò tó le. Ẹni tí kò ní ju Excel lọ lè ka káàdì inú òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù, ní aago kan náà lójoojúmọ́, kó kọ iye wọn sílẹ̀, kó sì fi ya àwòrán. Jira àti Azure DevOps, àwọn sọ́fítíwíà tí ikọ̀ fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, máa ń yà á fúnra wọn láti inú ìtàn káàdì. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ bá parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tí kò sún káàdì rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, irọ́ ni àwòrán náà yóò máa pa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Káàdì tó bá ti wọ ìpele kan, wọ́n ti kà á mọ́ ọn nìyẹn, kódà lẹ́yìn tó bá ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìlà CFD kò fi gbọdọ̀ wálẹ̀. Bí ìlà kan bá wálẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n yọ káàdì kúrò tàbí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, ó sì yẹ kí ikọ̀ mọ èwo ni nínú méjèèjì.

Ibi tó ti wá

Ìmọ̀ tó wà nídìí àwòrán yìí ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ní 1909, Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí bí ìpè tẹlifóònù ṣe ń wọlé, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ nípa títò sórí ìlà ti gbèrú. Ní 1961, John Little, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí ìṣirò gbe òfin kan tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní lẹ́sẹ̀: bí a bá mú iye nǹkan tó ń wọlé lójúmọ́, tí a fi iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ilé sọ ọ́ di púpọ̀, iye tó wà nínú ilé ni yóò fún wa, ní ìpíndọ́gba. Àwọn onímọ̀ ìrìnnà náà ti ń ya irú ìlà báyìí láti fi wo bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ṣe ń gùn sí i àti bó ṣe ń tú.

Èèyàn 17 ló péjọ sí Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, lóṣù kejì ọdún 2001, tí wọ́n kọ ìkéde Agile. CFD kò sí nínú rẹ̀. David J. Anderson ló sọ ọ́ di mímọ̀ láàárín àwọn oní-sọ́fítíwíà, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2003. Nígbà tí ó wá mú Kanban, èyí tí Taiichi Ohno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lò nílé iṣẹ́ mọ́tò Toyota ní Japan, wọ inú iṣẹ́ sọ́fítíwíà, CFD bá a wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ojú ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà máa ń lọ sí bí àwòrán náà ṣe ga tó. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ìlà ló yẹ kó wò. Bí a bá wọn àlàfo náà láti òkè sí ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti òsì sí ọ̀tún, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lò kó tó parí ni, ní ìpíndọ́gba. Bí ìlà ìsàlẹ̀ ṣe ń gòkè sí ló ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń yá parí sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ikọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, káàdì 30 ti wọ ìpele kóòdù láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, 24 ti wọ àyẹ̀wò, 20 sì ti parí. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ jẹ́ 10: 6 lẹ́nu kóòdù, 4 lẹ́nu àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ń parí 2 lójúmọ́, òfin Little sọ pé iṣẹ́ kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 5. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, iye náà ti di 40, 34 àti 22. Abala kóòdù kò fẹ̀ sí i, 6 náà ló ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ti àyẹ̀wò ti wú láti 4 sí 12. Nínú ìpàdé àárọ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù á ní àwọn parí káàdì 10 lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò sì purọ́. Àmọ́ 2 péré ló jáde. Iṣẹ́ 18 ló wà lọ́wọ́ báyìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ padà sí 2 lójúmọ́, káàdì tuntun tó bá wọlé lónìí yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 9.

Àwòrán náà kò sọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò wà ní ìsinmi, ó sì lè jẹ́ sáfà àyẹ̀wò ló dákú, nítorí náà kò tọ́ láti fi abala tó wú dá àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí àwọn oní-Kanban máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi gbèdéke lé iye káàdì tó lè wà ní ìpele kan. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá ti há, korobá tuntun kì í mú un yá. Kí àwọn tó ń kọ kóòdù dúró díẹ̀, kí wọ́n bá wọn ṣe àyẹ̀wò, ló máa ń tú u. Ó tún dára kí wọ́n pín òpó àyẹ̀wò sí méjì, kí èyí tó ń dúró de àyẹ̀wò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, kí ó lè hàn bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ jù ni, tàbí kò tilẹ̀ sí ẹni tó gbé e.

Àwọn ìrísí mìíràn rọrùn láti dá mọ̀. Bí ìlà ìsàlẹ̀ bá lọ gbọọrọ láìgòkè, kò sí ohun tó ń parí. Bó bá rí bí àtẹ̀gùn, ikọ̀ náà ń kó iṣẹ́ jọ kí wọ́n tó gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń parí gbogbo nǹkan ní ìparí Sprint, ìyẹn sáà iṣẹ́ kúkúrú tó ní ọjọ́ ìparí.

CFD àti burn-down

Burn-down, àwòrán mìíràn tí àwọn oní-Scrum, ìyẹn àwọn tó ń fi Sprint ṣe iṣẹ́, mọ̀ dáadáa, ń fi iye iṣẹ́ tó kù hàn nìkan. Bí ikọ̀ kan bá parí iṣẹ́ 5, tí oníbàárà sì fi 5 mìíràn kún un, burn-down kò ní yẹsẹ̀, àfi bíi pé wọ́n sùn ni. Lórí CFD, ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ ni yóò jọ gòkè, ẹni tó bá sì wò ó á rí i pé iṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Òfin Little kò ṣeé gbára lé bí iye iṣẹ́ tó ń wọlé bá jìnnà sí èyí tó ń jáde, nítorí náà ìṣirò ọjọ́ 9 òkè yìí kò ju àbá lọ. Àlàfo láti òsì sí ọ̀tún kì í sì í ṣe ọjọ́ orí káàdì kan pàtó. Káàdì kan lè ti jókòó sẹ́nu àyẹ̀wò fún oṣù kan, kí àwọn mìíràn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí àwòrán sì máa dán gbinrin. Àwọn ikọ̀ tó mọ èyí máa ń wo ọjọ́ orí káàdì lọ́tọ̀.

CFD tún ka káàdì ńlá àti kékeré sí ọ̀kan náà. Bí oṣù bá sì ti ń gorí oṣù, abala iṣẹ́ tó ti parí á ga débi pé àwọn tó kù á tín-ín-rín bí okùn, kò sì ní sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń gé ọjọ́ tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ìsinsìnyí, tàbí kí wọ́n yọ Backlog kúrò, pàápàá bó bá kún fún àbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí.