Ìjánu tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé lóòótọ́ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà lára ọmọ tuntun kò lágbára?

Ohun tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, wọ́n á kán LPS sí i. Ara àwọn bakitéríà kan ni LPS ti ń wá, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń mọ̀ pé ọ̀tá ti dé. Mónósáìtì ọmọ náà, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, á mọ̀ ọ́n kíá, torí TLR4 tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ wà lára wọn bó ṣe wà lára ti àgbàlagbà. Ìdáhùn wọn ló yàtọ̀. TNF, IL-12 àti IL-6 jẹ́ èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. TNF tí wọ́n ń tú jáde kéré gan-an sí ti àgbàlagbà, IL-12 náà kéré. Àmọ́ IL-6 tó ti àgbàlagbà, nígbà mìíràn ó ń jù ú lọ. TNF wà lára àwọn tó ń mú kí ibi tí kòkòrò wọ̀ wú, kó pọ́n, kó sì gbóná. IL-6 ní tirẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé kó tú àwọn èròjà tó ń de kòkòrò mọ́lẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó wá fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ni pé, tí wọ́n bá kó mónósáìtì àgbàlagbà sínú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, TNF tirẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. A ò lè pe ìyẹn ní àìlágbára. Nǹkan kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu.

Kí ni nǹkan náà?

Ó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ni ádẹnósíìnì, tó máa ń pọ̀ lára ọmọ lásìkò ìbí. Bó bá ti so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, cAMP, èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, á ròkè, cAMP á sì dí ọ̀nà TNF láì dí ti IL-6. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń kéré tí èkejì kò kéré.

Ìkejì ni S100A8 àti S100A9, èròjà méjì tó máa ń so pọ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì gbé jáde ní 2017 fi hàn pé wọ́n máa ń pọ̀ yanturu nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. TLR4 kan náà ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, kí bakitéríà tó kàn án, tí sẹ́ẹ̀lì á fi ti mọ́ ọn lára, tí kò sì ní bú gbàù nígbà tí bakitéríà bá dé. Èròjà méjèèjì kéré lára àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé àti àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbà. Àwọn ọmọ tí èròjà yìí kéré lára wọn ni àrùn inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń mú jù.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò tíì gbó, tí èròjà kan tó ń jẹ́ CD71 wà lára wọn, tún ń ṣiṣẹ́ yìí. Wọ́n ń fi árígínéèsì, èròjà tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, jẹ árígíníìnì, èròjà oúnjẹ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù nílò, tán.

Kí wá ni ìjánu ọ̀hún wà fún?

Nínú ilé ọmọ, bí ibi ọmọ bá wú tó sì gbóná, ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Lẹ́yìn ìbí sì rèé, ọ̀pọ̀ jaburata bakitéríà tí kò níkà nínú á kún awọ ara àti ìfun láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 2013, àwọn onímọ̀ dín sẹ́ẹ̀lì CD71 kù lára ọmọ eku. Àwọn ọmọ eku náà kojú Listeria, bakitéríà kan tó ń fa àrùn, dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìfun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn bakitéríà tí kò ṣe é ní nǹkan jà. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: ẹni tó bá tú ìjánu á gba àǹfààní, á sì gba ewu.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, torí ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́. IgG, èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò, tí ìyá ń fi ránṣẹ́ gba ibi ọmọ, oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni púpọ̀ rẹ̀ ń kọjá, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28 kò rí tó gbà. Nútrófíìlì, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ kòkòrò, tó ní nípamọ́ kò pọ̀, wọ́n sì ń tètè tán. Síbẹ̀, TLR4 pọ̀ lára awọ inú ìfun rẹ̀. Bí TLR4 yìí bá bínú, ìfun lè wú títí apá kan á fi kú. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ tún ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọmú ìyá ń dín ewu ìfun yìí kù gan-an.

Bí ara kò bá gbóná, báwo la ṣe máa mọ̀ pé àrùn ti wọ̀ ọ́?

Ẹ má dúró de ìgbóná. Ara ọmọ tí àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tutù. Àwọn àmì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣọ́ nìwọ̀nyí: kò mu ọmú dáadáa mọ́, gìrì, mímí tó tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìsàlẹ̀ àyà tó ń rì wọnú, kí ó má mira àfi tí a bá fọwọ́ kàn án, ara tó gbóná tó 37.5°C tàbí tó tutù ju 35.5°C lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó láti gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àyẹ̀wò náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àrùn, máa ń gba wákàtí bíi 10 sí 12 kó tó ròkè, torí náà àkọ́kọ́ tó lọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé àrùn kò sí. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 24. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun 25,000 nínú máíkírólítà kan, tó máa kó ìpayà bá àgbàlagbà, kò burú lọ́jọ́ ìbí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wá bakitéríà kò gbọ́dọ̀ dín ní mílílítà 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní rí bakitéríà tó wà níbẹ̀.

Ṣé a kò lè fi oògùn fún un lágbára?

Wọ́n ti gbìyànjú. Ní 2009, wọ́n fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní GM-CSF, èròjà tó ń mú kí ara ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Nútrófíìlì wọn pọ̀ sí i kíákíá, àmọ́ iye àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn kò yí padà. Ní 2011, ìwádìí INIS fún ọmọ tí àrùn ń ṣe ní àfikún IgG, àwọn ọmọ 3,493 lápapọ̀. Àwọn tó kú tàbí tó ní àbùkù ńlá nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì jẹ́ 39 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú àwọn tó gbà á àti nínú àwọn tí kò gbà á.