Ìtọ́jú Àgbàlagbà: Ta Ni Yóò Bá Ilé Ìwòsàn Sọ Ẹrù?

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan bí ìjọba ṣe ń múra sílẹ̀ de ìgbà tí àgbàlagbà yóò pọ̀ láwùjọ, iye orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni gbogbo ènìyàn ń sáré kà. Iye orí ṣe pàtàkì lóòótọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tó bá fi máa di 2030, ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni yóò ti pé ọmọ 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí iṣẹ́ ìjọba kan ti parí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ètò ti ń dàrú.

Ẹ wo ìyá àgbà kan tó ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ kán. Dókítà ti tò ó, ó kù kí màmá máa lọ sílé. Ilé náà ní àtẹ̀gùn, kò sì sẹ́ni tí yóò máa wẹ̀ fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé ìwòsàn wà lábẹ́ ìjọba kan, ìtọ́jú inú ilé wà lábẹ́ òmíràn. Ilé ìwòsàn wá dà bí ẹni tó ru ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, tó ń ké sí ará ilé pé, "Ẹ wá sọ̀ mí o!" Ẹrù tí à ń wí kì í ṣe màmá, ojúṣe ìtọ́jú wọn ni. Ará ilé, ìyẹn ìjọba kejì, gbọ́ igbe náà, àmọ́ ọrùn ẹlòmíràn ló ń dùn. Bó bá bá a sọ ọ́, òun ni yóò kù tí yóò máa rù ú. Kí ni yóò mú un yára? Aláru náà kò sì lè padà lọ gbé òmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn tuntun ti tò lọ rẹrẹ.

Ibí yìí ni wọ́n máa ń dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á máa ṣe ìpàdé, tí wọ́n á sì pè é ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìpàdé kò sọ ẹrù rí.

Ohun tí Sweden ṣe ní 1992, nínú àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Ädel, jinlẹ̀ ju ìpàdé lọ. Òfin gbé ìtọ́jú àgbàlagbà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé owó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá wá ní ẹnì kan ti yẹ kó kúrò nílé ìwòsàn, tí ìjọba ìbílẹ̀ kò sì tíì ṣètò ibi tí yóò lọ, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa san owó bẹ́ẹ̀dì náà. Ọrùn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nítorí ẹrù tó wà lórí ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí iye àwọn tó há mọ́ ilé ìwòsàn fi já wálẹ̀ gan-an. Norway náà gba irú ọ̀nà yìí ní 2012. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sá fún owó bẹ́ẹ̀dì lè gba àgbàlagbà sílé nígbà tí ara wọn kò tíì le tó.

Japan ti àpò owó bẹ̀rẹ̀. Láti 2000 tí ètò adójútòfò ìtọ́jú wọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún ń dá owó sí i; owó orí tí ìjọba orílẹ̀-èdè, ti àgbègbè àti ti ìbílẹ̀ jọ ń mú wá ló ń di ìdajì yòókù. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kọ ètò tirẹ̀, inú ètò náà ni wọ́n sì ti ń ṣírò iye tí àwọn tó ti pé 65 ọdún níbẹ̀ yóò máa san. Bí ìlú kan bá fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú sí i, yóò hàn nínú owó tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń san.