Ẹsẹ̀ Ọmọ Ló Ṣẹ́, Kí Ló Dé Tí Nọ́ọ̀sì Ń Béèrè Bó Ṣe Sùn?

Òbí gbé ọmọ lọ sí ọsibítù nítorí eegun, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ eegun náà ni wọn yóò máa bá òun sọ. Nọ́ọ̀sì dé, ó ní báwo lọmọ ṣe sùn, ta ló ń bá ṣeré, kí ló dé tó dákẹ́ láti àná. Ọ̀rọ̀ náà máa ń rú àwọn òbí lójú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bínú pé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ àwọn di alárùn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọdé kò bá lè fẹnu sọ nípa eegun rẹ̀, ìwà ló máa fi sọ ọ́. Èyí tí kò bá sì lè sọ nípa ọkàn rẹ̀, inú, ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀ ló máa ní ó ń dun òun. Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń wo méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti to eegun, wọ́n ti fi POP, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, sí i. Kí ni nọ́ọ̀sì tún ń wá lára ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi ní gbogbo ìgbà?

Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ máa ń wú, POP kì í sì í fẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, àpò-àpò ni ẹran ara wà, awọ tó sì bo àpò wọ̀nyí kì í nà. Bí wíwú náà bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè wọlé mọ́, ẹran ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nǹkan bíi wákàtí 6 ti tó láti ba ẹsẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Nítorí náà, nọ́ọ̀sì á tẹ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí yóò fi funfun, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á máa wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń padà. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Á fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù, á ní kí ọmọ náà mì ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ á rọra na ìka náà. Bí ọmọ bá figbe ta nígbà tí wọ́n kàn na ìka lásán, tó sì jẹ́ pé ibi tó ṣẹ́ wà lókè lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé fi dọ̀la mọ́. Àwọn kan máa ń ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ ṣì ń lù, pé kò séwu. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́: ó lè máa lù dáadáa nígbà tí ẹran ara ti ń kú lábẹ́ rẹ̀.

Àgbàlagbà lè sọ pé ìrora òun ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ọdún 3 kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni pé ẹ̀rù ń bà á, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ó ń jà, ó ń ta sókè sódò. Oògùn ìrora tó ràn án láàárọ̀ ò ran án mọ́ lálẹ́, ó sì ń fẹ́ sí i. Ẹlòmíì á ní wọ́n ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ẹ má ní kó dákẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè ní láti la POP náà títí kan òwú abẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń ya òbí lẹ́nu níbẹ̀: ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ní kí ẹ gbé sórí ìrọ̀rí kó má baà wú, wọ́n á ní kí ẹ gbé e wálẹ̀ kó bá ọkàn dọ́gba, torí pé bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ tó kù tó ń dé ibẹ̀ á tún dín kù.

Ọmọ mi sunkún gan-an nígbà tó kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù. Ó ti dákẹ́ báyìí, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣé ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ti sọ̀rètí nù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn ọsibítù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba òbí láyè lọ́dọ̀ ọmọ, James Robertson, tó ń bá dókítà ọpọlọ kan, John Bowlby, ṣiṣẹ́, ya sinimá ọmọdébìnrin ọlọ́dún 2 kan tó wà ní ọsibítù fún ọjọ́ 8. Ọdún 1952 ló gbé e jáde, ó sì bí ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú. Ohun tí òun àti Bowlby ń sọ ni pé ọmọ tí wọ́n bá yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ fi ẹkún jà. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ̀wẹ̀sì, ìgbà yẹn sì ni wọ́ọ̀dù á máa yìn ín pé ọmọ dáadáa ni. Níkẹyìn, ó lè máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn kó sì kẹ̀yìn sí ìyá tó wá wò ó. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní abẹ́ Harry Platt dámọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa wọlé wá wo ọmọ nígbàkigbà, kí ìyá ọmọ kékeré sì lè bá a gbé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ wo eré. Ọmọ tí ara ti mọ́ á máa ṣeré, á máa bi yín ní ìbéèrè, á máa jẹun. Èyí tó ti rẹ̀wẹ̀sì á kàn máa wo ògiri ni. Bí ọmọ ọdún 6 tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì nà án; yóò lọ bí ara bá ti balẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ iṣẹ́ á fún un ní ọmọláńgidi kó di báńdéèjì sí i lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó dì í sí tirẹ̀. Kò sì ní parọ́ fún un pé abẹ́rẹ́ ò ní dùn. Ní tèmi, irọ́ yẹn ló ń ba iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ọmọdé jẹ́ jù, nítorí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ó ti san gbèsè rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló mi tó yí sínú ti tọ́. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ní kó máa wọ bàtà tí wọ́n fi ọ̀pá so pọ̀ sùn?

Nítorí pé ẹsẹ̀ náà ṣì fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ọ̀nà tí Ignacio Ponseti gbà ń tọ́ irú ẹsẹ̀ yìí ni pé wọ́n á fọwọ́ rọra yí i, wọ́n á fi POP dè é, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n tún máa ń gé iṣan gìgísẹ̀ wọn díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni bàtà méjì tí wọ́n fi ọ̀pá so pọ̀ yìí kàn: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà ìgbà oorun nìkan títí di bí ọdún 4. Ohun tó máa ń dá ẹsẹ̀ padà jù lọ ni kí òbí jáwọ́ nínú bàtà yìí. Bí ó bá ti sú yín, ẹ sọ ọ́ ní kílíníìkì kí ẹ tó jáwọ́. Wọ́n lè wò ó bóyá bàtà náà ń bó ọmọ lára.

Ọmọ mi ní òun ò lè rìn, X-ray orúnkún ò sì rí nǹkan kan. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi tó yẹ ni wọ́n yà. Ìbàdí ọmọ máa ń ní àrùn, kí orúnkún sì máa dùn, torí pé iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ kan náà ló ń sin ibi méjèèjì. Lára ọmọ tó ń bàlágà, pàápàá èyí tó sanra, orí eegun itan lè máa yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ níbi tí eegun ti ń dàgbà. Bí dókítà bá ti fura sí èyí, nọ́ọ̀sì ò ní jẹ́ kí ọmọ tún fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, inú kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò ti tì í lọ ya ìbàdí. Ọmọ tí ibà ń mú, tó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà, nítorí kòkòrò tó bá wọ oríkèé máa ń tètè jẹ ẹ́ run. Èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń dùn lálẹ́, tó ń sáré kiri láàárọ̀ láìtiro, ìyẹn kì í sábà ní ewu nínú.

Ká wá ní wọ́n ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, eegun dára, ẹ̀jẹ̀ dára, ẹsẹ̀ ò sì gbé e. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ẹsẹ̀ lè dàrú láìjẹ́ pé eegun tàbí iṣan bàjẹ́. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Charles Hoover, ṣàlàyé àmì kan ní 1908 tí wọ́n ṣì ń lò. Ọmọ á dùbúlẹ̀, dókítà á ní kó fi gìgísẹ̀ tí kò lágbára tẹ bẹ́ẹ̀dì, kò ní lè ṣe é. Á ní kó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè. Bó ṣe ń gbé e, gìgísẹ̀ tí kò lágbára yẹn á tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ gírí, ọmọ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Bí wọ́n bá fi èyí han ọmọ láti fi dá a lójú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ní agbára, ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ṣe pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti ba nǹkan jẹ́.

Ìtọ́jú ibẹ̀ gba sùúrù. Ẹ má máa gbé e pọ̀n lọ sí balùwẹ̀, ẹ má sì máa bi í ní wákàtí wákàtí bóyá ó ṣì ń dùn ún. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìdárayá á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn rẹ̀, ẹ̀yin á máa yin èyí tó ṣe. Kó tètè padà sílé ẹ̀kọ́, kódà bó jẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Nọ́ọ̀sì á wá àyè bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, bóyá ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ ọn níbì kan. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ìdí, nígbà mìíràn kò sí àṣírí kankan tó bò mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìwádìí pa ọmọ lára.

Ọmọkùnrin mi máa ń fọwọ́ gun itan kó tó lè dìde nílẹ̀. Olùkọ́ tún ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ṣé àìsàn méjì ni?

Ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Nínú àìsàn Duchenne, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ara kò rí purotéènì kan tó ń dáàbò bo iṣan ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní dystrophin. Ọpọlọ náà ń lo purotéènì yìí, ìdí nìyí tí àwọn kan lára àwọn ọmọ tó ní i fi máa ń ní ìṣòro ẹ̀kọ́ tàbí kí wọ́n má lè jókòó sójú kan. Ọmọkùnrin ló sábà máa ń mú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún CK, ohun kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá ń bàjẹ́, kí olùkọ́ tó pè é ní ọ̀lẹ. Oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fún un kó lè máa rìn pẹ́ sí i náà lè sọ ọmọ di oníbìínú. Ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀.

Ọmọbìnrin mi ń bọ́ bẹ́líìtì líle tí wọ́n fún un nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọ 72 nínú 100 tó wọ̀ ọ́ ni ẹ̀yìn wọn ò wọ́ dé 50 dígírì, ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti ń wọlé. Nínú àwọn tí kò wọ̀ ọ́, 48 ni. Èyí tó wọ̀ ọ́ ju bíi wákàtí 13 lọ lójúmọ́, ó ju 90 nínú 100 lọ. Ó ní ẹ̀rọ kan nínú bẹ́líìtì náà tó ń wọn ìgbóná láti mọ ìgbà tó wà lára ọmọ, kò sẹ́ni tó lè parọ́ iye wákàtí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 ò gbọ́ èdè dígírì. Ara rẹ̀ ń yí padà, gbogbo ojú ló rò pé ó wà lára òun. Ẹ jẹ́ kó yan wákàtí tí kò ní wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó jẹ́ wákàtí eré ìdárayá tàbí ìgbà tó bá wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì tinrin lábẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó bó o. Bó bá wá ń yẹra fún ọ̀rẹ́, tí kò jẹun mọ́, tó ń kanra sí gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bẹ́líìtì.

Ìkanra? Mo rò pé ẹni tó bá ní ìsoríkọ́ máa ń banú jẹ́ ni.

Lára ọmọdé, ìkanra lè gba ipò ìbànújẹ́ pátápátá. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ 2 tó ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ tàbí ẹ̀kọ́ sì ti yí padà, ẹ mú un lọ. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ìsoríkọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ dáadáa ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti nígbàkigbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Láti 2004 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i lára pé èrò ikú lè pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn ọmọ kan.

Bí mo bá bi í bóyá ó ń ronú àtikú, ṣé mi ò ní fi sí i lọ́kàn?

Rárá. Àwọn tó ti wádìí rẹ̀ ò rí i pé bíbéèrè ń fi sí ọmọ lọ́kàn. Ó tiẹ̀ sábà máa ń tù wọ́n lára pé ẹnì kan béèrè. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o pa ara rẹ?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a jà, ẹ má búra pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ohun kan tún wà tí òbí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ abẹ eegun sábà máa ń gbàgbé: oògùn ìrora tó ṣẹ́ kù. Ẹ kà á, ẹ tì í mọ́ inú ohun tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì kó èyí tí kò wúlò mọ́ padà fún àwọn tó ń ta oògùn ní ọsibítù.