Pọ́ǹpù tó ń rọra yí fún adágún oníyọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù lọ, fò sókè, yúníìtì kan di ₦225. Ó tún yí padà, ó wá di ₦209.50 ní oṣù Keje ọdún yẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ìròyìn mìíràn tún wá ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de pọ́ǹpù àtijọ́ tó ń gbé omi adágún gba inú asẹ́, pé kí gbogbo ẹni tó ní adágún oníyọ̀, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ ń sọ iyọ̀ inú omi rẹ̀ di kílórìn, sáré lọ ra èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní variable speed, tí èèyàn lè yí eré rẹ̀ padà. Òótọ́ wà níbẹ̀, àsọdùn náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí jù lọ nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ti fòfin de pọ́ǹpù àtijọ́?

Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ 19 oṣù Keje 2021, pọ́ǹpù adágún tuntun tí wọ́n bá ṣe síbẹ̀ tàbí tí wọ́n bá kó wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n kan lórí bó ṣe ń jẹ iná. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ńlá tí kò mọ̀ ju eré kan ṣoṣo lọ kò lè kúnjú ìwọ̀n náà. Èyí tó ti wà nílé èèyàn tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́.

Ṣé òfin náà kàn wá níbí?

Rárá. Owó iná ló kàn wá.

Kí ló wá yàtọ̀ nínú pọ́ǹpù tuntun yìí?

Pọ́ǹpù àtijọ́, eré kan ṣoṣo ló mọ̀. Lórí iná tiwa tó jẹ́ 50 Hz, ó ń yí bíi ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ ewé mẹ́ta péré ló wà nínú omi, ì báà jẹ́ ọyẹ́ ló da eruku bò ó. Èyí tuntun ní ẹ̀rọ kékeré kan lórí tó ń tún iná ṣe kó tó dé inú mọ́tò, nítorí náà ẹ lè ní kó yí ní 1,400, ní 2,000, tàbí ní iye tó bá wù yín. Ẹni tó bá ti lo AC oní-inverter ti ń lo irú ẹ̀rọ yìí láìmọ̀.

Ẹ ní kí omi máa rọra lọ, ẹ tún ní kó lọ fún wákàtí púpọ̀. Ibo ni èrè wà níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Bí eré pọ́ǹpù bá dín kù sí ìdajì, omi tó ń kọjá náà á dín kù sí ìdajì. Ṣùgbọ́n agbára tó ń fi ti omi gba inú páìpù àti asẹ́ kọjá kì í dúró sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kù. Ìdajì omi, tí a fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tì: iná tó ń jẹ á wá di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó ru omi tó ń sáré àti ẹni tó ru omi tó ń rọra rìn, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n òógùn wọn kò lè dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní adágún yín gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní 5, ó sì jìn ní 1.5. Lítà 75,000 nìyẹn. Ká ní pọ́ǹpù àtijọ́ ń jẹ kílówáàtì 1.1, ó sì ń gbé lítà 12,000 kọjá ní wákàtí kan. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, omi tó kọjá jẹ́ lítà 96,000, yúníìtì tó jẹ jẹ́ 8.8. Ní ₦209.50, ₦1,843.60 ni lójúmọ́, ₦55,308 ní ọgbọ̀n ọjọ́, láìtíì ka VAT.

Ẹ wá gbé pọ́ǹpù tuntun síbẹ̀. Wákàtí kan ní eré kíkún, kó lè gbá ewé orí omi lọ dáadáa, wákàtí mẹ́rìnlá ní ìdajì eré. Omi tó kọjá ṣì jẹ́ lítà 96,000. Nínú ìṣirò orí ìwé, ìdá kan nínú mẹ́jọ kílówáàtì 1.1 kò tó wáàtì 140, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan kì í ṣiṣẹ́ láì fi iná díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní 200. Yúníìtì 3.9 ni gbogbo rẹ̀ lójúmọ́. Owó oṣù á jẹ́ nǹkan bíi ₦24,500. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ lé ní ₦30,000 lóṣù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé rírọra yí ló mú èrè yẹn wá. Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù tuntun, tó sì fi í sí eré kíkún láti àárọ̀ dalẹ́, owó ẹ̀rọ nìkan ló ná. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé bí ọ̀pọ̀ púlọ́ḿbà ṣe ń so ó sílẹ̀ nìyẹn: wọ́n á tan án, omi á tú jáde, wọ́n á gba owó iṣẹ́, wọ́n á máa lọ.

Aago tó ń wọn bí omi ṣe ń tì tó lórí asẹ́ mi ń ka 16 psi tẹ́lẹ̀. Ó wá ń ka 4. Ṣé pọ́ǹpù ti bàjẹ́?

Kò bàjẹ́. Bí eré bá di ìdajì, ohun tí aago náà ń kà á di ìdá kan nínú mẹ́rin, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ asẹ́, ẹ gbé pọ́ǹpù sí eré kíkún, kí ẹ kọ iye tí aago kà sára ògiri. Eré kíkún yẹn náà ni kí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti fi bíi 8 tàbí 10 psi ju ti ara ògiri lọ, asẹ́ ti dọ̀tí.

Adágún oníyọ̀ ni tèmi. Ṣé iyọ̀ kò ní jẹ ẹ̀rọ olówó ńlá yìí?

Iyọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Gíráàmù 3 sí 3.5 ló ń wà nínú lítà omi kan, nígbà tí ti òkun jẹ́ bíi 35. Ike ni ara pọ́ǹpù, iyọ̀ tó kéré báyìí kò rí i gbé ṣe. Síìlì tó wà láàárín omi àti mọ́tò ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá gbó, omi á máa kán sábẹ́ mọ́tò, á gbẹ, á sì ku èépá funfun. Mo rí irú rẹ̀ nínú yàrá pọ́ǹpù ilé kan lọ́nà Ìlọrin: èépá náà nípọn bíi ẹ̀kọ tó gbẹ sára ìkòkò, abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, bọ́ọ̀tì mẹ́rin tó di mọ́tò mú kò sì ṣeé tú mọ́. Síìlì kékeré ló fa gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń ba adágún oníyọ̀ jẹ́ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ pọ́ǹpù kì í ṣe iyọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni iná ti ń gba inú omi oníyọ̀ kọjá láàárín àwọn àwo titanium, ibẹ̀ sì ni kílórìn tó ń pa kòkòrò ti ń jáde. Ó ní súìṣì kan tó ń mọ̀ bóyá omi ń kọjá. Bí ẹ bá dín eré jù, súìṣì á gbà pé omi ti dúró, á sì pa sẹ́ẹ̀lì. Pọ́ǹpù á máa yí, omi á máa lọ, kílórìn kò ní sí, ojú sì lè má tètè rí i. Kó tó pẹ́, omi á máa ní àwọ̀ ewé, ògiri á máa yọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti eré gíga, kí ẹ máa dín in kù ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún títí iná tó ń sọ pé omi kò kọjá á fi tàn. Kí ẹ wá gbé e padà sókè ní bíi 200. Àlékún yẹn ṣe pàtàkì, torí bí asẹ́ bá ṣe ń dọ̀tí ni omi ń dín kù.

Ẹ dín iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kù pẹ̀lú. Bó bá wà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò nílò ju bíi 43 lọ. Bí ẹ kò bá dín in, kílórìn á pọ̀ jù, ojú àwọn ọmọ á máa ta wọ́n, sẹ́ẹ̀lì á sì tètè gbó. Kílórìn 1 sí 3 ppm (mílígíráàmù nínú lítà omi kan), pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 7.2 sí 7.8: ẹ máa yẹ méjèèjì wò. pH ti adágún oníyọ̀ máa ń fẹ́ gòkè.

Ṣé mo lè lọ ra iyọ̀ ọbẹ̀ lọ́jà dà sí i?

Ẹ má ṣe é. Wọ́n ti po áyódíìnì mọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Iyọ̀ mímọ́ tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ni kí ẹ wá. Adágún lítà 75,000 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílò nǹkan bíi kílò 240. Lẹ́yìn òjò ńlá tí omi ti kún jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi kún un.

Ṣé mo lè fi rọ́pò sumo inú kànga mi?

Rárá. Pọ́ǹpù adágún kì í wọnú kànga.

Band A kọ́ ni àdúgbò wa. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ṣé ó ṣì dára?

Ó lè dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan kan kí ẹ tó sanwó: bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, ṣé pọ́ǹpù á rántí aago àti ètò tí ẹ ṣe fún un? Òmíràn á rántí, òmíràn á gbàgbé, aago rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti agogo méjìlá òru. Wákàtí 12 ni wọ́n ṣèlérí fún Band C lójúmọ́, 8 fún Band D. Ìdajì eré nìkan kò lè fọ omi yín tán láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ gbé eré sókè díẹ̀ kí omi má bàa bàjẹ́.

A kò ní mítà. Bíìlì ni wọ́n ń mú wá.

Mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bíìlì tí wọ́n fojú díwọ̀n kò mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù.

Sólà ni mo ń lò ńkọ́?

Ẹ̀yin ni mo rò pé yóò ṣe lóore jù. Pọ́ǹpù àtijọ́ lè fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje iye tó ń jẹ bó bá ń gbéra, ohun tó sì ń mú kí inverter pariwo, kó sì kú nìyẹn. Èyí tuntun ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Wáàtì 200 ní ọ̀sán, páńẹ́ẹ̀lì mélòó kan lè gbé e láì kan bátìrì. Ẹ máa rántí pé sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ iná tirẹ̀, kí ẹ kà á mọ́ ọn.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Iná àti omi níbi kan náà. Omi oníyọ̀ ń gbé iná ju omi lásán lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní áàtì, ìyẹn wáyà tó so mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òmíràn ní wáyà náà, kò sì so mọ́ nǹkan kan. Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má so pọ́ǹpù adágún, tuntun tàbí àtijọ́, láìsí áàtì tí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ wọ̀n, àti láìsí RCCB 30 mA tó ń já iná bó bá ń jò. Bọ́tìnì kan wà lójú RCCB tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Bí kò bá já, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi.

Èkejì ni ojúhò tí omi ń gbà lọ nísàlẹ̀ adágún. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ìdérí rẹ̀ ti sán, pọ́ǹpù tó wà ní eré kíkún lè fa irun tàbí ara ọmọdé mọ́ ọn. Ẹ fi wákàtí eré kíkún sí àfẹ̀mọ́jú nígbà tí kò sẹ́ni nínú omi, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdérí náà kí ẹ tó ra pọ́ǹpù kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Volt 115 ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ẹ má kì í bọ iná ilé, á jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 115/230, tí wọ́n sì kọ 50/60 Hz, ó gba iná tiwa, ẹ tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń so wáyà. Bó bá jẹ́ 115 nìkan, ẹ wo bóyá wọ́n kọ 50/60 Hz. Bí wọ́n bá kọ ọ́, tiránsífọ́mà tó ń sọ 230 di 115 lè gbé e, kí ó jẹ́ èyí tó tó 2 kVA fún pọ́ǹpù tó ń jẹ kílówáàtì 1.1. Bó bá jẹ́ 60 Hz nìkan, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìwé rírà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.