Kernel panic nínú VM: bí a ṣe ń wá ohun tó fà á

Ẹ tan VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín), mẹ́nù GRUB, ètò tó ń jí Linux, yọ, ìlà funfun ń sáré kọjá, àfi gbàgà tí gbogbo rẹ̀ dúró. Lísàlẹ̀ pátápátá, ohun tí ẹ rí ni "Kernel panic - not syncing". Kernel ni apá Linux tó ń pín RAM, CPU àti dísíìkì fún gbogbo ètò yòókù. Nígbà tó bá rí i pé òun kò lè tẹ̀síwájú láìba nǹkan jẹ́, tàbí pé ohun tó yẹ kí òun gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ara rẹ̀ dúró. Ìdúró yẹn là ń pè ní panic. "Not syncing" kàn ń sọ fún yín pé kò ní kọ ohun tó kù nínú RAM sórí dísíìkì mọ́, torí kò fọkàn tán an.

Ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà kọ láti béèrè ìrànlọ́wọ́, òun gan-an ni kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìkéde òkú: ó dárúkọ ẹni tó kú, kò sọ ohun tó pa á. Ohun tó pa á wà lókè, nígbà mìíràn ní ogún ìlà sí i. Ìdáhùn tó sì máa ń yá àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kí ẹ tún Linux náà gbé sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi dátà fóònù fa ISO, fáìlì tí a fi ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ, wálẹ̀ ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà mọ iye tí ìmọ̀ràn yẹn ń náni. Panic púpọ̀ ló ṣeé tún ṣe láìpa ohunkóhun rẹ́.

Láti Kábbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Linux ń lò. Wọn kì í pa Windows rẹ́. VirtualBox, ètò tó ń gbé VM ró, ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀, tàbí KVM bó bá jẹ́ Linux ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. CPU tó ti pẹ́, RAM tí kò pọ̀, àti bátìrì tó ti kú débi pé bí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù náà bá a lọ: ìwọ̀nyí ló bí púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ tú wò yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí VM ṣe ń tàn. Firmware rẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ jí), SeaBIOS tàbí OVMF lórí KVM, ló ń wá GRUB. GRUB á gbé fáìlì méjì sínú RAM láti inú /boot: vmlinuz, tó jẹ́ kernel fúnra rẹ̀, àti initramfs, tó jẹ́ àkójọ kékeré tí àwọn dráífà wà nínú rẹ̀. Kernel á fi dráífà wọ̀nyẹn rí dísíìkì, á so ìpín root (ibi tí Linux fúnra rẹ̀ wà lórí dísíìkì) mọ́ ara rẹ̀, á sì pe /sbin/init, tó sábà máa ń jẹ́ systemd, ètò tó ń tan àwọn ètò yòókù. Bí mẹ́nù GRUB kò bá yọ rárá, ọ̀ràn kernel kọ́ nìyẹn. Bí systemd bá ti ń kọ "Started" wọ̀ǹtìwọnti kó tó dúró, ọ̀ràn kernel lè máà sí níbẹ̀ mọ́.

Láti rí ìlà òkè wọ̀nyẹn, ẹ dúró lórí orúkọ kernel nínú mẹ́nù GRUB, ẹ tẹ lẹ́tà e. Bí mẹ́nù náà kò bá fara hàn, ẹ di Shift mú nígbà tí VM bá ń tàn, tàbí kí ẹ tẹ Esc bó bá jẹ́ UEFI (irú firmware tuntun, bí OVMF). Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "linux", ẹ yọ quiet, rhgb àti splash kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí sí ìparí rẹ̀: console=tty0 console=ttyS0,115200 ignore_loglevel. Ẹ tẹ Ctrl+X. Ìgbà yìí nìkan ni àtúnṣe yẹn máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tún VM tàn, ó ti pa rẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè bàjẹ́ níbẹ̀.

ttyS0 ni ihò serial, ibi tí ọ̀rọ̀ kernel lè gbà jáde sínú fáìlì, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára VM kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú VirtualBox, ẹ lọ sí Settings, Serial Ports, ẹ tan Port 1, ẹ yan Raw File, kí ẹ sì kọ ibi tí fáìlì náà máa wà. Lórí KVM, virsh console pẹ̀lú orúkọ VM tó. Ẹni tó bá ń lo QEMU, ètò tó ń bá KVM ṣiṣẹ́, tààrà lè fi -serial file:boot.log -no-reboot kún àṣẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi fóònù ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà márùndínlọ́gbọ̀n ìkẹyìn nìkan ló máa ń wọ inú fọ́tò, èyí tí ẹ nílò sì ti kọjá lọ. Nínú fáìlì, ẹ wá ìlà àkọ́kọ́ tó ní "BUG:", "Oops", "error", "failed" tàbí "Unable", ẹ sì máa kà á bọ̀ láti ibẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)". Nọ́ńbà inú àkámọ́ yẹn ni kí ẹ wò. (0,0) ń sọ pé kernel kò rí dísíìkì kankan tó bá orúkọ root mu. Bó bá jẹ́ (8,1), ó ti rí i: 8 ni nọ́ńbà àwọn dísíìkì sd, 1 sì ni ìpín àkọ́kọ́, ìyẹn sda1, ohun tó wà lórí ìpín náà ni kò lè kà.

Nígbà tó bá jẹ́ (0,0), ẹ fura sí initramfs ṣáájú ohun gbogbo. Ká ní ẹ ń gbé kernel tuntun wọlé pẹ̀lú dnf tàbí apt, àwọn àṣẹ tó ń gbé ètò wọlé, iná lọ, láptọ́ọ̀pù kú. vmlinuz tuntun ti dé, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú GRUB, ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe initramfs, kò sì tíì parí. Ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ bí /boot bá kún. Ẹ padà sí mẹ́nù GRUB, ẹ yan kernel àtijọ́. Lórí Ubuntu, abẹ́ "Advanced options" ló wà. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ lo df -h /boot, lẹ́yìn náà ls -lh /boot. Initramfs tó pé máa ń tó ọ̀pọ̀ mẹ́gábáìtì. Bí ti kernel tuntun bá jẹ́ òdo, tàbí tó kéré gan-an sí ti àtijọ́, tàbí tí kò sí rárá, ọwọ́ yín ti tẹ ẹ.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ ṣọ́ra fún ibi kan tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lórí Red Hat àti àwọn Linux tó bá a tan, AlmaLinux àti Rocky, dracut ni àṣẹ tó ń ṣe initramfs. Bí ẹ bá kàn tẹ dracut -f, kernel tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ló máa ṣe é fún, ìyẹn èyí àtijọ́ tí kò ṣàìsàn. Ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ èyí tó bàjẹ́. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú /lib/modules, kí ẹ wá tẹ dracut -f /boot/initramfs-ORÚKỌ.img ORÚKỌ. Lórí Ubuntu tàbí Debian, update-initramfs -c -k ORÚKỌ ni, tàbí -u dípò -c bí fáìlì náà bá ti wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀ràn ìbátan rẹ̀, tí kì í tilẹ̀ ṣe panic. Ká ní ẹ gbé dísíìkì VM kúrò nínú VirtualBox, níbi tó ti ń gba SATA, ọ̀nà dísíìkì tí kọ̀ǹpútà gidi ń lò, lọ sínú KVM, níbi tí virtio, ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún VM, ti jẹ́ àṣà. AlmaLinux, Rocky àti Red Hat máa ń kó dráífà tí ẹ̀rọ yẹn nílò nìkan sínú initramfs. Nígbà tí wọ́n ń kó o, virtio kò sí lára rẹ̀. Kernel á dúró, á dúró, "dracut-initqueue timeout" á máa jáde, yóò sì já yín sí dracut:/#. Ẹ pa VM, ẹ yí dísíìkì náà padà sí SATA nínú ìṣètò KVM, ẹ tàn án, yóò wọlé. Nígbà náà, ẹ ṣe fáìlì /etc/dracut.conf.d/virtio.conf, kí ẹ kọ ìlà kan sínú rẹ̀: add_drivers+=" virtio_blk virtio_pci virtio_scsi ". Àlàfo tó wà lẹ́yìn àmì àkọ́kọ́ àti ṣáájú àmì ìkẹyìn yẹn pọn dandan. Ẹ tẹ dracut -f, ẹ fi lsinitrd | grep virtio yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pa VM, ẹ dá virtio padà. Ẹni tó bá gbé VM Windows lọ bẹ́ẹ̀ á rí INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ìdí kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ CPU ló kàn, níbi tí tòkúnbọ̀ ti máa ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. "Attempted to kill init! exitcode=0x00007f00". Init ni ètò àkọ́kọ́ tí kernel ń pè. Bí ó bá kú, kernel kò ní ẹni tó máa gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ó sì di panic. Nínú exitcode, 7f jẹ́ 127: ètò náà fúnra rẹ̀ ló jáde. Bó bá jẹ́ 0x0000000b, signal 11 ló pa á, ó fọwọ́ kan RAM tí kì í ṣe tirẹ̀. 0x00000004 sì ń sọ pé CPU kò mọ ìtọ́ni tí wọ́n fún un. Bí ẹ bá gbójú sókè díẹ̀ lórí 7f00, ẹ lè rí "Fatal glibc error: CPU does not support x86-64-v2". Ó tán, ẹ ti rí i: x86-64-v2 ni àkójọ ìtọ́ni CPU tí Linux yẹn fẹ́, CPU tí VM rí kò sì ní i.

Red Hat 9, tó jáde ní 2022, àti AlmaLinux àti Rocky tó bá a rìn, ń béèrè CPU tó ní SSE4.2 àti POPCNT, tó wà lára àwọn ìtọ́ni v2 wọ̀nyẹn. Core 2 Duo kò ní wọn. Core i5 ìran àkọ́kọ́ ní wọn. Red Hat 10 àti Rocky 10 tún gbé e ga sí i, wọ́n fẹ́ ìtọ́ni AVX2, tó bẹ̀rẹ̀ láti Core ìran kẹrin, ṣùgbọ́n tí Celeron àti Pentium ìgbà náà kò ní. AlmaLinux 10 ní ẹ̀dà mìíràn fún àwọn CPU v2. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux, lscpu | grep -o -w -e sse4_2 -e popcnt -e avx2 á sọ èyí tí ẹ ní. Bí CPU yín bá ní wọn tí panic náà ṣì ń wá, QEMU ló ń fún VM ní CPU àfarawé tó ń jẹ́ qemu64 tàbí kvm64, èyí tí kò ní wọn. Ẹ fi -cpu host sí àṣẹ QEMU, tàbí kí ẹ yan host-passthrough nínú virt-manager. Bí CPU gan-an bá ti dàgbà jù, ẹ má bá a jà: Debian 12 tàbí Ubuntu 24.04 kò béèrè SSE4.2, ẹ ó sì kọ́ Linux kan náà lórí wọn.

RAM kò gùn lẹ́nu. Bí ẹ bá rí "Initramfs unpacking failed: write error" tàbí "System is deadlocked on memory", VM kò ní àyè tó láti tú initramfs sí. Ẹ fún un ní 2048 MB. Lórí láptọ́ọ̀pù 4 GB, ẹ pa Chrome ná. Bí ó bá sì jẹ́ "IO-APIC + timer doesn't work!", ẹ lọ sí System nínú ìṣètò VirtualBox, ẹ tan Enable I/O APIC.

Bó bá jẹ́ "BUG:" tàbí "Oops" ló ṣáájú, ẹ wo ìlà "Call Trace" àti orúkọ tó wà nínú àkámọ́ onígun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí vboxvideo tàbí vboxguest, pàápàá tí "Tainted" bá ní lẹ́tà O, Guest Additions (àwọn dráífà tí VirtualBox ń fún VM) tó ti gbó ni kernel tuntun kò gbà. Ẹ fi modprobe.blacklist=vboxguest,vboxsf,vboxvideo sí ìlà linux ní GRUB, ẹ wọlé, ẹ gbé Guest Additions tuntun sí i.

Ìyókù jẹ́ ti dísíìkì tó fara gbá nígbà tí iná lọ. Ubuntu á sọ pé kí ẹ fọwọ́ ara yín lo fsck (àṣẹ tó ń tún dísíìkì ṣe), á sì fi yín sí (initramfs). Ẹ tẹ fsck -y pẹ̀lú orúkọ ìpín tó kọ síbẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà reboot. AlmaLinux ń lo XFS, ọ̀nà mìíràn tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì: ẹ fi ISO tan VM ní ipò rescue, ẹ lo xfs_repair lórí ìpín root. Bí ó bá ní log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì parí) ṣì wà níbẹ̀, ẹ so ìpín náà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan kí ó lè ka log náà tán, ẹ tú u, kí ẹ tún pe xfs_repair. -L ń da log náà nù pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀; ìgbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí nìkan ni kí ẹ lò ó. Fáìlì qcow2, tó jẹ́ dísíìkì VM lórí KVM, fúnra rẹ̀ ní qemu-img check, ẹ má ṣe lò ó nígbà tí VM bá ń ṣiṣẹ́, ẹ sì da fáìlì náà kọ síbòmíràn kí ẹ tó fi -r all sí i.

Fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ kò gbé ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́: ẹ ya snapshot (ẹ̀dà ipò VM tí ẹ lè padà sí) kí ẹ tó tẹ dnf upgrade tàbí apt upgrade, kí ẹ sì dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, ẹ pa fèrèsé VirtualBox, kí ẹ yan Save the machine state. Ẹ má sì yọ kernel àtijọ́ kúrò torí àyè. Dnf ti ń fi mẹ́ta sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìkan tó ṣiṣẹ́ lánàá ni ẹ máa fi wọlé tún ti òní ṣe.