French press kì í ṣe ti Faransé nìkan: ibi tí kọfí àtẹ̀sísàlẹ̀ ti ṣẹ̀ wá gan-an

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, French press tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yìí, kì í ṣe Faransé nìkan ló ni ín. Ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ àwọn ààfáà ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ítálì ló tún un ṣe tó fi ṣeé lò, Faransé kàn dúró láàárín ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọmọ Ìlọrin ti tún dé nìyẹn, pé gbogbo nǹkan la máa ń fà sọ́dọ̀ ààfáà, kò burú, ẹ ṣáà kà á tán.

Fún ẹni tí kò tíì rí i, gíláàsì gbọọrọ kan ni, ó ní ọmọrí, ọ̀pá irin kan gba àárín ọmọrí yẹn wọlé, asẹ́ irin wà nídìí ọ̀pá náà. Ẹ ó da kọfí lílọ̀ sí i, ẹ ó da omi gbígbóná lé e, ẹ ó fi sílẹ̀ kó rẹ, ẹ ó wá tẹ ọ̀pá yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí eèrí ẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ kí omi ẹ̀ wà lókè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba iná mànàmáná, tí NEPA bá mú iná lọ ẹ ṣáà ti ní gáàsì tàbí èédú.

Ó dáa, ibo ló ti wá? Igi kọfí tí wọ́n kọ́kọ́ ń mu, oríṣi tí wọ́n ń pè ní arabica, Etiópíà ni, apá ibi tí wọ́n ń pè ní Kaffa ni wọ́n sábà ń dárúkọ. Ìtàn darandaran tí wọ́n ní ewúrẹ́ ẹ̀ jẹ èso kọfí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ má dá wọn lóhùn jàre, Róòmù ni wọ́n ti tẹ ìyẹn jáde ní 1671, nígbà yẹn Mẹ́kà àti Káírò ti ń mu kọfí tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń mu ni àwọn onísúfí (ààfáà tó gbájú mọ́ sìkírì, ìyẹn dídárúkọ Ọlọ́run léraléra) ní Yemen, láàárín 1400 sí 1500. Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni Muhammad al-Dhabhani, mùfútì ni ní Aden, ìyẹn ààfáà tó ń ṣàlàyé òfin ẹ̀sìn, ó kú ní nǹkan bí 1470. Ohun tí wọ́n ń fi kọfí ṣe kò ṣòro láti yé ọmọ ilé-kéwú kankan: kí oorun má bàa gbé wọn lórí sìkírì òru.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Abd al-Qadir al-Jaziri, tó kọ̀wé lórí kọfí ní nǹkan bí 1558. Ó ròyìn bí àwọn ọmọ Yemen tó wà ní Azhar, ilé-kéwú ńlá ní Káírò, ṣe máa ń mu ún ní òru ọjọ́ Ajé àti òru Jímọ̀. Wọ́n á jókòó, kọfí á wà nínú ìkòkò amọ̀ pupa ńlá kan, olórí wọn á máa fi ife kékeré bù ú, á máa gbé e fún wọn láti ọwọ́ ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe Lá ìláhà ìlalláhù lọ. Ẹ tún un kà. Kọfí (nígbà míì eèpo ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò, nígbà míì wọ́n á fi kóró ẹ̀ sí i), omi gbígbóná, ìkòkò kan, eèrí rì sísàlẹ̀, wọ́n bu tòkè mu. Kí ló wá kù nínú French press tí kò sí níbẹ̀? Ọ̀pá àti asẹ́ nìkan ló kù! Àwọn tó ń ṣe kọfí káàkiri ayé pàápàá pín in sí oríṣi méjì gbòógì, èyí tí omi kàn ń gba àárín ẹ̀ kọjá àti èyí tí wọ́n ń rẹ sínú omi, ti French press sì jẹ́ rírẹ sínú omi, ọmọ ìkòkò pupa yẹn ni.

Ní 1511, gómìnà Mẹ́kà tó ń jẹ́ Khair Beg fòfin de kọfí, ó ní ó ń kó èèyàn jọ lọ́nà tí kò tọ́, ẹjọ́ náà dé Káírò, sọ́tánì, ọba wọn níbẹ̀, ní kí wọ́n fi àwọn tó ń mu kọfí sílẹ̀. Tí kò bá fi wọ́n sílẹ̀ ńkọ́? Mi ò rò pé Faransé kankan ì bá rí nǹkan tẹ̀.

Ẹ wá dé ọ̀dọ̀ asẹ́. Ní Etiópíà àti Súdáànì, ìkòkò amọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní jẹ̀bánà, ó ní ọrùn tóóró, inú ẹ̀ ni kọfí á ti hó, tí wọ́n bá fẹ́ dà á wọ́n á fi irun ẹṣin tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ di ẹnu ẹ̀ kí eèrí má bàa jáde. Irun ẹṣin o! Ìlọrin tí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń sún mọ́ ilé. Tèmi ni pé àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ hájì láti ilẹ̀ wa nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n gba Kánò gba Bọ̀nú gba Súdáànì kọjá, tí wọ́n ń lo oṣù lórí oṣù lọ́nà, àfi tí wọn ò bá mu omi rárá ni wọn ò fi ní fẹnu kan kọfí níbẹ̀. Ààfáà tó ti mu ún ní Súdáànì, ṣé á padà dé Òkè Ìmálè ní Ìlọrin kó má sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni? Ọwọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo dúró lé, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ mí níbẹ̀.

Asẹ́ oníhò náà ńkọ́? Ẹ lọ sí Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ajere ni wọ́n ń dá lu káàkiri kí omi lè jò kí nǹkan tó wà nínú ẹ̀ dúró. Èrò tó wà nínú asẹ́ irin oníhò nìyẹn gan-an, àwọn ìyá wa kò lọ gba páténtì (ìwé tó fi hàn pé èèyàn ló ni ohun tó hùmọ̀) lórí ẹ̀ ni.

Páténtì yẹn ni Mayer àti Delforge gbà ní Parísì ní 1852. Ọ̀pá kan, páánù tí wọ́n lu ihò sí, aṣọ fulanẹ́lì lókè, aṣọ fulanẹ́lì nísàlẹ̀, wọ́n ń tì í wálẹ̀ nínú agolo roboto. Ìṣòro ẹ̀ ni pé kò fún mọ́ ara agolo, eèrí ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Ohun tí Faransé kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé bàbá arúgbó kan ló ń se omi lórí òkè tó gbàgbé kọfí, tó wá ra asẹ́ lọ́wọ́ ará Ítálì kan tó ń kọjá lọ, ìtàn àròsọ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ọmọdé.

Èyí tó ṣiṣẹ́, Milan ló ti wá. Attilio Calimani àti Giulio Moneta gbé tiwọn kalẹ̀ ní 1929, Amẹ́ríkà fún wọn ní páténtì ní 1931, wọ́n fi sípíríńgì yí etí asẹ́ yẹn ká kó lè máa fẹ̀ mọ́ ara gíláàsì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Sípíríńgì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tú tiyín wò lónìí ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ìyókù kò gba àkókò. Faliero Bondanini gba páténtì tiẹ̀ ní 1958, ilé-iṣẹ́ Martin ní Faransé tó ti ń ṣe fèrè clarinet ló bá a ṣe é, wọ́n pè é ní Chambord, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni orúkọ Faransé ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Bodum, ilé-iṣẹ́ tí Peter Bodum dá sílẹ̀ ní Denmark ní 1944, ra Martin ní 1991. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní cafetière, ní Ọsirélíà plunger ni. 1991 yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ni wọ́n gé Kabba kúrò lára Kwara láti fi dá Kogi sílẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù, torí kọfí tó wà ní Kabba àti Ìyàmoyè àti Ògìdì, kọfí Kwara la máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Oríṣi kọfí tí wọ́n ń pè ní Robusta ni wọ́n ń gbìn jù níbẹ̀, káféènì inú ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti arabica, ó sì korò ju tiẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi kọfí Kabba gbìyànjú ẹ̀ nílé dípò oní-sáṣẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé 1938 ni Nescafé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Switzerland, tó wá sọ gbogbo wa di ọ̀lẹ. Ẹ yan kọfí náà fúnra yín lórí iná wẹ́rẹ́, kó pọ́n má jóná, ẹ fi bíléńdà lọ̀ ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta o, ata á máa mú gbogbo ilé sín. Kó má kúnná. Tó bá kúnná jù, ọ̀pá yẹn á le láti tì, eèrí á sì gba ihò asẹ́ wọnú ife. Gíráàmù 30 sí omi mílílítà 500. Omi tó hó, ẹ gbé e kúrò lórí iná kó sinmi díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 4. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ wá da gbogbo ẹ̀ sínú fíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, torí kọfí tó bá dúró lórí eèrí nísàlẹ̀ yẹn ṣì ń rẹ sí i, bó bá pẹ́ ẹ ò ní lè gbé e mì, àfi tí ẹ bá fi wàrà tì í.

Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kó má mu ún jù. Asẹ́ irin kì í gba òróró kọfí dúró, bébà ló ń gbà á, òróró yẹn ló sì ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè.