Ta ló ń kọ ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, báwo ló sì ṣe ń kọ ọ́?

Tí ìròyìn bá gbé e pé UN bá ìjọba kan wí lórí ọ̀rọ̀ ìdálóró, inú ìwé ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan ló sì jókòó kọ ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti ìdálóró ní Geneva ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní CAT. Èèyàn 10 péré ni ọmọ ìgbìmọ̀ náà, UN kì í sanwó oṣù fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló níṣẹ́ tó ń ṣe nílùú ẹ̀, àsìkò ìpàdé ni wọ́n ń péjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn UN ló ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ̀wé dè wọ́n, orúkọ wọn kì í sì í sí lórí ìwé tó bá jáde.

Àdéhùn UN lòdì sí ìdálóró ni iṣẹ́ náà dúró lé, 1984 ni wọ́n ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ìjọba tó bá wọ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìjábọ̀ tiẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ láàárín ọdún kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Láti 2007 ni ìgbìmọ̀ yìí sì ti dá ọ̀nà míì sílẹ̀, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ìjọba, kí èsì ìbéèrè yẹn wá di ìjábọ̀ ìjọba. Ibí gan-an niṣẹ́ akọ̀wé ti ń le, torí ìbéèrè tó bá ti fẹ̀ jù, òfin tó wà lórí pépà nìjọba á fi dáhùn. "Ṣé ẹ ń dáàbò bo ẹlẹ́wọ̀n?" Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ "ọlọ́pàá mélòó ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù lórí ìdálóró látìgbà tá a ríra kẹ́yìn, mélòó ni wọ́n dá lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó ni wọ́n rán wọn", afi kí wọ́n wá nọ́ńbà, tí nọ́ńbà ò bá sì sí, àìsí ẹ̀ gan-an ti sọ nǹkan.

Ìjọba nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ náà ń kọ tiwọn ránṣẹ́, akọ̀wé á kó gbogbo ẹ̀ jọ, á máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ló rí i, ṣé ó wà níbẹ̀ ni àbí wọ́n sọ fún un, ṣé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé ẹlòmíì tí ò mọ̀ ọ́n rí sọ irú nǹkan kan náà? Lórí ọgbẹ́ ara àti ti ọkàn, ìwé ìtọ́sọ́nà UN tí wọ́n ń pè ní Istanbul Protocol làwọn dókítà ń tẹ̀ lé, 1999 ló ti wà, wọ́n tún un ṣe ní 2022, ó sì sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá sí àpá lára èèyàn, ìyẹn ò ní ká ní wọn ò dá a lóró.

Ibi tí ẹ̀rí bá dé lọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. "Ìgbìmọ̀ gbọ́ ìròyìn pé" àti "ọ̀rọ̀ yìí ká ìgbìmọ̀ lára gidi" kì í ṣe ọgbọọgba, àwọn aṣojú ìjọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ. Akọ̀wé tínú bí tó wá sọ àsọdùn níbì kan ṣoṣo ti fún ìjọba lẹ́nu láti fi bẹnu àtẹ́ lu gbogbo òótọ́ tó kù.

Ti ààbò ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ká mi lára jù. Àdéhùn náà fúnra ẹ̀, ní abala 13, ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn àtàwọn ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n yíyọ orúkọ nìkan ò tó. Orúkọ abúlé àti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lè tú àṣírí èèyàn, tàbí kéèyàn lọ kọ "nọ́ọ̀sì obìnrin kan ṣoṣo tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n náà", ta ni wọn ò ní mọ̀? Tí ẹni náà ò bá sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ òun, wọn ò ní lò ó, kódà kó jẹ́ òun ló lágbára jù nínú fáìlì. Ó máa ń dunni, àmọ́ ẹ̀mí èèyàn ni.

Ìjókòó pẹ̀lú ìjọba máa ń gba ọjọ́ méjì: ìbéèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èsì lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ á tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á máa yẹ ohun tí akọ̀wé kọ wò ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gé, wọ́n á fi kún un, nígbà míì wọ́n á lo wákàtí lórí ọ̀rọ̀ kan.

Ìmọ̀ràn tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi àkókò sí jù. "Kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n dárúkọ òfin tó yẹ kó yí padà, kí wọ́n sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ rí lọ́yà láti ìgbà tí wọ́n bá ti mú un. Ìgbìmọ̀ á mú díẹ̀ nínú ìmọ̀ràn náà pé àwọn fẹ́ gbọ́ èsì ẹ̀ láàárín ọdún kan, tí ìgbà míì bá sì tó, orí ìpínrọ̀ wọ̀nyẹn ni akọ̀wé tó bá wà níbẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí ìmọ̀ràn tó wà tẹ́lẹ̀ ò bá ṣe pàtó, ìjọba á ní àwọn ti ṣe é, kò sì ní sí ohun tí wọ́n máa fi já wọn nírọ́.